Mo ti sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣe bákan: ṣé táímìn ló fò ni?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbà mí o. Alùpùpù mi, Honda C90 ni, èyí tí sílíńdà ẹ̀ sùn yẹn. Mo tú hẹ́ẹ̀dì ẹ̀ láti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, mo dá gbogbo ẹ̀ padà, mo wá sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì (skúrú tó ń fi àlàfo sí ìdí fáàfù, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó ń padé lórí ẹ́ńjìnì) títí tí ò fi dún mọ́ rárá, ó dákẹ́ minimini bíi tuntun. Àmọ́ tó bá ti gbóná, tí mo bá wá pa á, kò ní tàn mọ́ àfi tó bá tutù. Tí mo bá dé orí òkè, kò lágbára bíi tàtẹ̀yìnwá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní táímìn ló fò, pé fáàfù àti písítìnì ò bá ara wọn rìn mọ́, kí n sún ṣéènì ní eyín kan. Ẹlòmíì ní ìgbà tó bá gbóná ló yẹ kí n sẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣí i báyìí. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

* * *

Èsì 1

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ṣéènì yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ ní tápẹ́ẹ̀tì ò dún mọ́ rárá, ibẹ̀ yẹn gan-an lara ti fu mí, n ò tiẹ̀ tíì ka ìyókù tán.

Lórí C90 yẹn, àlàfo tó yẹ kó wà láàárín skúrú rọ́kà (apá irin tó ń ti fáàfù ṣí) àti ìdí fáàfù ò ju 0.05 mm lọ, ínlẹ́ẹ̀tì (tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé) àti ẹgisọ́ọ̀sì (tó ń lé èéfín jáde) bákan náà, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Inú iná ni fáàfù ẹgisọ́ọ̀sì ń gbé, tó bá gbóná ọ̀pá ẹ̀ máa gùn sí i, àlàfo yẹn ló sì fi ń rí àyè gùn. Tẹ́ ẹ bá ti fún un pa láti òwúrọ̀, ìgbà tó bá fẹ́ gùn kò ní ríbi lọ, rọ́kà á dá a dúró, fáàfù ò ní lè jókòó ṣinṣin sáyè ẹ̀ mọ́, kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n, afẹ́fẹ́ tí písítìnì fún pọ̀, á máa gba ibẹ̀ jò lọ. Ẹ máa tẹ kíìkì títí ẹsẹ̀ á fi ro yín, kò ní dáhùn. Tó bá wá tutù, irin á sún kì, fáàfù á jókòó, á tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa wá rò pé iwin ń bẹ nínú ẹ̀.

Ohun tí mo fi ń dá ọ̀rẹ́ yín lóhùn nìyẹn. Táímìn tó bá fi eyín kan fò ò mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnì gbóná tàbí ó tutù. Ìṣòro ẹ̀ á wà láàárọ̀, á wà lálẹ́. Kiní tó ń dáa nígbà tó tutù tó ń bàjẹ́ nígbà tó gbóná, tápẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, lẹ́yìn náà kábúrétọ̀.

* * *

Èsì 2

Ẹnìkan wá dá sí i, ó ní tòun ò dún láti ọdún méjì, kò sì sí nǹkan tó ṣe é. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ o, n ò bá a jà. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ọkùnrin kan gbé alùpùpù wá, ó ní ariwo tí ń bẹ lórí ẹ̀ ń ṣe bíi máṣíìnì ìránṣọ. Ọ̀gá mi ò sí nílé. Mo ṣí tápẹ́ẹ̀tì, mo fún méjèèjì títí ọwọ́ mi ò fi mì wọ́n mọ́, mo tan ẹ́ńjìnì, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ọkùnrin yẹn ṣàdúrà fún mi títí, pé èmi ni n ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ọjọ́ kẹwàá ló tì í padà dé, òógùn bò ó. A tú hẹ́ẹ̀dì, a da bẹntiróò díẹ̀ sí ojú ihò ẹgisọ́ọ̀sì, bó ṣe ń wọlé ló ń ṣàn jáde sí ibi tí písítìnì ń gbé. Nígbà tí a fa fáàfù yẹn yọ, etí ẹ̀ kan ti jóná lọ, ó dà bí ibi tí eku jẹ lára bísíkíìtì. Ọ̀gá mi ò bú mi, kò nà mí, ó kàn fi wáyà so fáàfù yẹn mọ́ ìṣó lókè àpótí irinṣẹ́ mi, ó ní kí n máa wò ó kí n tó mú sípánà. Ó wà níbẹ̀ títí mo fi gba òmìnira.

Nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó dákẹ́, mo mọ ohun tó ń dùn mọ́ yín, oníbàárà fẹ́ràn ẹ́ńjìnì tí kì í dún. Ṣùgbọ́n tápẹ́ẹ̀tì tó bá dẹ̀ á pariwo kó tó ba nǹkan jẹ́, èyí tó fún á bà á jẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í sì í dúró síbi tẹ́ ẹ fi sí, torí bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́, fáàfù máa ń jẹ ìjókòó ẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, ìdí ẹ̀ á wá máa sún mọ́ rọ́kà, àlàfo tẹ́ ẹ sẹ́ẹ̀tì lónìí á kéré sí i bó bá yá. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ibo ló fẹ́ bá a dé?

Ẹ má tún lọ dẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ o. Tó bá dẹ̀ jù, fáàfù á pẹ́ kó tó ṣí, á tètè padé, kò ní ṣí tó bó ṣe yẹ, rọ́kà á máa gbá a bí òòlù, orí skúrú á sì máa jẹ. Tí mo bá máa ṣàṣìṣe, màá fẹ́ kó jẹ́ 0.07 ju kó jẹ́ 0.03 lọ. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn.

* * *

Èsì 3

Ó dáa, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú nìyí, mo sì fura pé ibẹ̀ náà ni ẹni tó béèrè ti kọsẹ̀: ibi tí ẹ dá písítìnì dúró sí kẹ́ ẹ tó wọn nǹkan kan.

Lórí fúláìwíìlì C90 (àgbá irin tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì), lẹ́tà méjì ló wà níbẹ̀, T àti F, wọn ò sì jìnnà síra. T ni písítìnì dé òkè pátápátá. F ni ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ń tanná, ó ṣáájú T díẹ̀. Ẹni tí ojú ẹ̀ ò bá fi bẹ́ẹ̀ ríran, tàbí tí fúláìwíìlì bá ti dọ̀tí, F ló máa dúró sí, á wá to sàmì ṣéènì sí i. Èmi gan-an ti ṣe é rí, lálẹ́, pẹ̀lú iná fóònù. Ẹ fi aṣọ nù ún, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun kun ojú T kó máa tàn.

Èkejì ló wá le. Kíráńkì (ọ̀pá tí písítìnì ń yí) máa yí lẹ́ẹ̀mejì kí káàmù (ọ̀pá tó ń ti rọ́kà) tó yí lẹ́ẹ̀kan, torí eyín tó wà lórí sipírọ́kẹ́ẹ̀tì káàmù, àgbá eléyín tí ṣéènì ń gùn, ìlọ́po méjì ti kíráńkì ni. Ìyẹn ni pé T yẹn á kọjá lójú yín lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, písítìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tán, fáàfù méjèèjì ti padé, ibẹ̀ la ti ń wọn tápẹ́ẹ̀tì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé èéfín jáde tán, ẹgisọ́ọ̀sì ò tíì padé tán, ínlẹ́ẹ̀tì ti ń ṣí, méjèèjì wà lórí ìrìn. Tẹ́ ẹ bá wọn níbẹ̀, ẹ ò ní rí àlàfo kankan, ẹ máa wá dẹ skúrú kó lè wọlé, lẹ́yìn náà ariwo tó máa jáde, àwọn aládùúgbò á gbọ́. Lẹ́tà T ò lè sọ fún yín èwo ni èwo, kò mọ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé: mo yọ púlọ́ọ̀gì kó lè fúyẹ́, mo ṣí ìdérí tápẹ́ẹ̀tì méjèèjì, ínlẹ́ẹ̀tì lókè, ẹgisọ́ọ̀sì nísàlẹ̀. Mo fi sípánà yí fúláìwíìlì sí òdìkejì ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà, torí bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnì yẹn fúnra ẹ̀ ń yí tẹ́ ẹ bá kọjú sí i. Mo tẹjú mọ́ ínlẹ́ẹ̀tì. Á wọlé, á padà jáde. Bó bá ti padà jáde tán báyìí, T tó bá kàn ni tiyín. Níbẹ̀, ẹ fi ìka mi rọ́kà méjèèjì, ó yẹ kí wọ́n máa mì pẹ́kẹ́ pẹ́kẹ́. Tí ọ̀kan bá mì tí ìkejì ò mì, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́ ẹ tún wò kẹ́ ẹ tó fẹ̀sùn kan tápẹ́ẹ̀tì.

* * *

Èsì 4

Èyí kúrú. Ẹni tó ní kí wọ́n sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ní gbígbóná: àwọn ẹ́ńjìnì ńlá àtijọ́ kan wà tí ìwé wọn sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, bóyá ibẹ̀ lẹ ti gbọ́ ọ. Àwọn kékeré tá à ń sọ yìí, tútù ni. Ìwé Honda tiẹ̀ ń sọ ọ́ pé kó má ju 35 °C lọ. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ẹ́ńjìnì tẹ́ ẹ pa ní wákàtí kan sẹ́yìn kì í ṣe ẹ́ńjìnì tútù, ẹ máa fọwọ́ kàn án ẹ máa ní ó ti tutù, inú ẹ̀ ṣì gbóná.

* * *

Èsì 5

Ọ̀rọ̀ ti wá di ti irinṣẹ́. Àwọn kan ní fíílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo ni, kì í ṣe fìlà orí o) ò pọn dandan, pé ọwọ́ ti mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ń lo bíléèdì ayùn irin, àwọn kan ń fa bébà ya.

Bíléèdì ayùn, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ó máa ń tó bíi 0.6 mm, ìlọ́po méjìlá ohun tí à ń wá. Bébà, èyí tí wọ́n fi ń tẹ̀wé lọ́fíìsì tó bíi 0.1 mm, ó máa ń tẹ̀ lábẹ́ skúrú, tó bá tún fa ọ́ìlì mu kò sí ohun tó lè sọ fún yín mọ́. Ti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n, mo gbà, ọwọ́ mi náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo fi géèjì yẹ ọwọ́ mi wò, ohun tí mo pè ní 0.05 máa ń jẹ́ 0.10 nígbà míì.

Tí géèjì ò bá sí lọ́wọ́ rárá, ọgbọ́n kan wà. Ẹ wo bí ìlà tí ń bẹ lára skúrú tápẹ́ẹ̀tì ṣe jìnnà síra. Tó bá jẹ́ 0.5 mm ni, tẹ́ ẹ bá yí i po lẹ́ẹ̀kan, 0.5 mm ló máa rìn. Ẹ fún un wọlé pẹ̀lú ìka nìkan títí yóò fi kan fáàfù, láìfi agbára sí i, kẹ́ ẹ wá dẹ̀ ẹ́ padà ní ìdá kan nínú mẹ́wàá òbìrí. Ó ti tó bíi 0.05 nìyẹn. Á gbé yín délé. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ wá géèjì.

Géèjì náà sì lè purọ́ o, èyí ló ń dun àwọn tó ń ṣe é dáadáa. Orí skúrú tó ti pẹ́, ibi tó ń gbá fáàfù máa ń jẹ wọlé, á ní kòtò kékeré bí àwo ọbẹ̀. Irin géèjì ò lè wọ inú kòtò yẹn, etí kòtò ló máa gùn lé, á sọ fún yín pé 0.05, nígbà tí ohun tó wà níbẹ̀ gan-an ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá sẹ́ẹ̀tì dáadáa, ó ṣì ń pariwo, ẹ tún fún un, ẹ tún fún un, ẹ dé ibi tí fáàfù ń jóná. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ skúrú yẹn jáde kẹ́ ẹ fi èékánná họ orí ẹ̀. Tí èékánná bá kọ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Lẹ́yìn náà nọ́ọ̀tì tó ń tì í pa. Tẹ́ ẹ bá ti sẹ́ẹ̀tì tán, bẹ́ ẹ ṣe ń fún nọ́ọ̀tì yẹn ni skúrú á máa fẹ́ bá a rìn. Ẹ fi nǹkan di skúrú mú, ẹ fún nọ́ọ̀tì, kẹ́ ẹ TÚN wọ̀n ọ́n. Ẹni tí kò bá tún un wọ̀n, kò tíì sẹ́ẹ̀tì nǹkan kan. Bó bá ṣe yẹ, géèjì á máa wọ́ díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń fà á, kò ní há, kò sì ní já gèlè.

* * *

Èsì 6

"Eyín kan péré ńkọ́, kí ló lè ṣe?" Mo ti retí ẹni tó máa bi mí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní eyín 28 ló wà lórí sipírọ́kẹ́ẹ̀tì káàmù, 14 ló máa wà lórí ti kíráńkì. 360 pín sí 28, bíi 12.9, ìyẹn ni digíríì tí káàmù á fi yẹ̀. Kíráńkì ló wá ń yí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà lójú písítìnì ó ti di bíi 25.7 digíríì. Ẹni tó bá mọ ohun tí digíríì márùn-ún péré ń ṣe fún iná púlọ́ọ̀gì, á mọ̀ pé 25 kì í ṣe eré. Tí káàmù bá pẹ́ lẹ́yìn, ẹ́ńjìnì ò ní lágbára nísàlẹ̀, á ṣòroó tàn. Tó bá ṣáájú, á dà bíi pé ó dáa nísàlẹ̀, á wá kú lórí eré. Lórí ẹ́ńjìnì míì, eyín méjì tó láti jẹ́ kí fáàfù àti písítìnì fẹnu kora.

Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnì nítorí pé "káàmù ti yí ìdajì". Lórí ẹ́ńjìnì sílíńdà kan tí fúláìwíìlì ń fún púlọ́ọ̀gì níná ní gbogbo ìgbà tí kíráńkì bá yí, ìdajì yẹn ò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ yí kíráńkì lẹ́ẹ̀kan sí i, káàmù á bá ara ẹ̀ padà sáyè, púlọ́ọ̀gì á ṣì tanná nígbà tó yẹ. Ẹ lè bá mi jiyàn, ẹ dán an wò ná.

Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín fò lóòótọ́: T lórí fúláìwíìlì, sàmì O lórí sipírọ́kẹ́ẹ̀tì káàmù kó dojú kọ ìgégẹ́ (ibi tí wọ́n gé wọlé díẹ̀) tó wà lára hẹ́ẹ̀dì. Tẹ́ ẹ bá ń dá a padà, ẹ rí i pé apá ṣéènì tó ń fa káàmù le dan-in, kí gbogbo dídẹ̀ ẹ̀ wà lápá tẹ́ńṣọ́nà, kiní tó ń fa ṣéènì kó má dẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọwọ́ yí kíráńkì lẹ́ẹ̀mejì gbáko, kẹ́ ẹ tún wo sàmì. Ibi tí ó máa ń yẹ̀ sí nìyẹn, ẹ to o, ó bọ́ sáyè, tẹ́ńṣọ́nà wọlé ó fa ṣéènì, O ti kúrò níbi tẹ́ ẹ fi sí. Tí ohunkóhun bá há nígbà tẹ́ ẹ ń fọwọ́ yí i, ẹ dúró, ẹ má fi agbára kún un.

* * *

Èsì 7

Ẹnìkan ti gbé jẹnẹrétọ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ alùpùpù, kò burú, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ó ní okùn tòun ń já mọ́ òun lọ́wọ́, ó ń gbá ọwọ́ padà, mẹkáníìkì ní táímìn káàmù ni.

Irú ẹ́ńjìnì yẹn, ẹ mú Honda GX160, kò ní ṣéènì táímìn rárá. Jíà káàmù àti jíà kíráńkì ló ń gbé ara wọn nínú ikùn ẹ́ńjìnì, púṣírọ́ọ̀dù, ọ̀pá irin gígùn, ló ń gbé iṣẹ́ lọ sókè. Sàmì tó wà lára jíà méjèèjì, tí wọ́n bá ti pàdé nígbà tí wọ́n ń dì í, kò ríbi fò lọ àfi tí eyín bá kán. Nítorí náà ẹni tó bá ní ó fò fúnra ẹ̀, ẹ ní kó fi eyín tó kán hàn yín.

Ohun méjì ni kẹ́ ẹ wò. Lórí káàmù, ohun kékeré kan wà tó máa ń ṣí fáàfù díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń fa okùn, kí kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n má bàa le jù fún ọwọ́. Díẹ̀ ló ń gbé e. Tí tápẹ́ẹ̀tì bá ti dẹ̀ jù, àlàfo á gbé gbogbo díẹ̀ yẹn mì, fáàfù ò ní ṣí, okùn á le bí òkúta. Ẹ rí i pé lórí èyí, dídẹ̀ ló ń fa wàhálà, ó yàtọ̀ sí ti C90. GX160: ínlẹ́ẹ̀tì 0.15 mm, ẹgisọ́ọ̀sì 0.20 mm, ní tútù. Lórí àwọn Briggs & Stratton kan, nítorí kiní yìí, wọ́n ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí písítìnì kọjá òkè, kó sọ̀ kalẹ̀ tó bíi 6 mm kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n ní òkè gan-an ó ṣeé ṣe kí ohun kékeré yẹn ṣì máa ti fáàfù.

Èkejì ni kíì tó di fúláìwíìlì mú sára kíráńkì. Tó bá ti gé ìlàjì, fúláìwíìlì á yẹ̀, iná púlọ́ọ̀gì á máa dé nígbà tí ò yẹ, okùn á máa gbáni lọ́wọ́. Káàmù ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Sàmì tó bá wà lára fúláìwíìlì bẹ́ẹ̀ ti di irọ́ pátápátá, ẹ fi sítírọ́ọ̀ oníke sínú ihò púlọ́ọ̀gì kẹ́ ẹ fi mọ ibi tí písítìnì wà. Ẹ má fi irin sí i o, tó bá há síbẹ̀ n ò sí níbẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè padà dé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Mo jẹ́ kó sùn mọ́jú. Òótọ́ lẹ sọ, F ni mo ti ń dúró sí láti ọjọ́ yìí, T wà lẹ́yìn ẹ̀, ìdọ̀tí ló bò ó. Ìgbà tí mo dé T, tòkè ń mì díẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ò mì rárá, géèjì ò wọ ibẹ̀. Mo sẹ́ẹ̀tì méjèèjì sí 0.05, mo tún un wọ̀n lẹ́yìn tí mo fún nọ́ọ̀tì. Mo gùn ún fún wákàtí kan, mo pa á, mo tẹ kíìkì lẹ́ẹ̀kan, ó tàn! Ṣùgbọ́n ó ti ń dún tìkì tìkì díẹ̀ láàárọ̀, tó bá gbóná á dínkù. Àti pé O yẹn ò kan ìgégẹ́ gan-an, ó fi nǹkan bí ìlàjì eyín rẹlẹ̀. Ṣé kí n sún un?

* * *

Èsì 8

Tìkì tìkì àárọ̀ yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Bó ṣe yẹ kó dún nìyẹn.

Ti O: ìlàjì eyín ò ṣeé sún, tẹ́ ẹ bá sún un ní eyín kan, á kàn fi ìlàjì yẹ̀ sí òdìkejì. Ṣéènì yẹn ló ti gbó, àwọn pín-ìn-nì inú ẹ̀ ti jẹ, ó ti gùn, káàmù wá ń pẹ́ lẹ́yìn. Ó lè jẹ́ ìdí tí agbára orí òkè yẹn ò fi ní padà tán. Ẹ kọ́kọ́ yẹ tẹ́ńṣọ́nà wò bóyá ó ń fà á dáadáa, tó bá ń fà á tí O ò kúrò níbi tó wà, ẹ pààrọ̀ ṣéènì, kẹ́ ẹ sì wo eyín sipírọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì bóyá wọ́n ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n ńkọ́, ẹ ti wọ̀n ọ́n? Tí ẹgisọ́ọ̀sì bá ti ń há látìgbà tẹ́ ẹ ti dá hẹ́ẹ̀dì padà, mo fẹ́ mọ̀ bóyá etí ẹ̀ ṣì pé.